Ẹ̀wù Tìmùtìmù

Ìrọ̀rí ni wọ́n bá nínú àpótí.

Gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde láti pàtẹ́wọ́. Àwọn onírun funfun, àwọn ìyá ọlọ́mọ, àwọn bàbá tó so táì mọ́rùn, gbogbo wọn na ọrùn bí ọmọ iléèwé tó ń retí ìpín tirẹ̀. Ọ̀gá ìpàtẹ ohun àtijọ́ tẹlifíṣọ̀n fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àgádágodo, ó gbé ìdérí sókè, ó rẹ́rìn-ín sí èrò, ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí láìbojú wò ó, ó sì na ohun tó bá níbẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó ríran, àtẹ́wọ́ sì ń kú lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Lórí àga tó gbẹ̀yìn pátápátá, ọkùnrin kan wà tí kò dìde rárá, torí orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Farabalẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé iwájú rẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ olè, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n jà lólè. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Kò sọ fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ pé ọmọlangidi lòun fẹ́ lọ wò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò, ó sì ti ń rò ó pé bí òun bá tún lè rí Tìmùtìmù lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá àyà òun á fúyẹ́ díẹ̀. Ó jáde nílé láti wá wo ọ̀rẹ́ àtijọ́, ìrọ̀rí ni wọ́n fi hàn án.

Ẹni tí kò ṣe ọmọdé láyé ìgbà náà kò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ dúdú-àti-funfun, tó jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ládùúgbò ló ní in, tí gbogbo ọmọ á sì rọ́ lọ sójú fèrèsé rẹ̀, ètò kan wà tó máa ń wáyé nírọ̀lẹ́. Bọ̀dá Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe atọ́kùn rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, olóhùn jẹ́jẹ́, tó máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú ọmọlangidi tó fi sọ́wọ́ bí ìbọ̀wọ́. Ọmọlangidi náà sanra, kò lọ́rùn, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Tìmùtìmù. Ó wọ ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń béèrè gbogbo ìbéèrè òmùgọ̀ tí ọmọdé fẹ́ béèrè ṣùgbọ́n tó ń bẹ̀rù ìfọ́tí. Wọ́n tilẹ̀ tẹ ìwé aláwòrán jáde nípa òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dá ètò dúró, ayé ń lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí wọn mọ́ àfi àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn yìí.

Bí ètò bá fẹ́ parí, Bọ̀dá Ìrọ̀lẹ́ á sún mọ́ kámẹ́rà. Á ní, "Ta ni kò tíì sọ̀rọ̀ lónìí?" Á dákẹ́. Á wá na ìka síwájú. "Ìwọ ni. Sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́." Farabalẹ̀ wá láti ilé tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó máa ń sọ̀rọ̀. Yóò dúró lójú fèrèsé onífèrèsé, yóò máa bá tẹlifíṣọ̀n onítẹlifíṣọ̀n sọ ohun tójú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà. Títí di òní, kò tíì rí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

*

Kí Farabalẹ̀ tó gun àtẹ̀gùn dé ọ́fíìsì ọ̀gá ìpàtẹ, wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọlọ́dẹ lọ́wọ́. Arúgbó ni ọlọ́dẹ náà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ti ṣá débi pé èèyàn ò mọ àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀.

"Ta ló tún ń lo ìrọ̀rí níbi iṣẹ́," ni ọ̀gá ìpàtẹ ń pariwo, "bí kò ṣe ẹni tó ń sùn níbi iṣẹ́?"

"Sà, mo máa ń sùn," ni ọlọ́dẹ wí. "Mi ò jiyàn. Àmọ́ n kì í lo ìrọ̀rí. Apá mi ni mo máa ń sùn lé."

"Ẹ gbọ́ bí? Ó ti jẹ́wọ́!"

"Oorun ló jẹ́wọ́, ọ̀gá," ni Farabalẹ̀ wí, ó wá àga jókòó. "Kò tíì jẹ́wọ́ olè. Ẹ farabalẹ̀. Ta ló rí inú àpótí yìí gbẹ̀yìn?"

"Kò sẹ́ni tó rí i látọjọ́ tí ètò náà ti parí. Yàrá ẹrù ló wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìṣí ni, kí gbogbo èrò lè jọ rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àgádágodo ò já, ìdérí ò fọ́. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ọlọ́dẹ yìí nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì mi."

"Èló ni wọ́n ra ọmọlangidi náà?"

"Wọn ò rà á. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ò ná nǹkan kan lé e lórí, Bọ̀dá Ìrọ̀lẹ́ ló gbé e wá láti ilé ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá ètò dúró, inú bí i, ó fi í sílẹ̀ tàpótí-tàpótí, ó bá tiẹ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye nìyí! Àwọn ọ̀gá mi wà níjókòó nígbà tí mo na ìrọ̀rí sókè. Wọ́n ní bílẹ̀ bá fi ṣú tá ò rí i, kí n jẹ́ kí wọ́n gbé ọlọ́dẹ lọ sílé ẹjọ́, kí n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun."

Farabalẹ̀ gbé ìrọ̀rí náà lé itan. Aṣọ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹrẹkẹrẹ: wọ́n ti fi rọ́bà bò ó lábẹ́ aṣọ. Ó gbé e sí imú. Òórùn ìpara tí àwọn àgbà fi ń ra oríkèé ló gbọ́, ó sì gbé e kúrò kíá, torí òun náà ti fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ ra orúnkún rẹ̀ méjèèjì láàárọ̀. Ìdààmú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti ń dàgbà nìyẹn. Ẹ̀rí á dé iwájú rẹ̀, á rò pé ara òun ló ń rùn.

"Ta ló dé yàrá ẹrù lánàá?" ó bi ọlọ́dẹ.

"Àwọn tó ń to àga. Dókítà eyín tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ètò yẹn, ó wá wo ibi táwọn èèyàn ẹ̀ máa jókòó. Àti ọmọ Bọ̀dá Ìrọ̀lẹ́ fúnra ẹ̀, ó wá wo ọ̀nà tí àga onítáyà bàbá ẹ̀ lè gbà wọlé." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, irin dún lára wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ìyàwó mi á máa retí mi. Ẹ bá mi sọ fún un pé wọ́n fún mi níṣẹ́ àṣekún. Ẹ má sọ pé wọ́n tì mí mọ́lé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà."

Farabalẹ̀ ní òun á sọ fún un. Kò sí ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́ yìí tó irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an bẹ́ẹ̀.

*

Ọmọ Bọ̀dá Ìrọ̀lẹ́ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. Obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni, bàtà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń wọ̀ bó bá mọ̀ pé òun ò ní jókòó ní gbogbo ọjọ́. Nínú yàrá tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ń tu ara wọn nínú. Àgbàlagbà kan ń sunkún.

"Ẹ kú ìjókòó, ìyá. Bàbá wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé. Aládùúgbò ló ń bá mi wò wọ́n. Mo fẹ́ gbé wọn wá, àmọ́ ara ò gbà."

"Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá. Ó ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

"Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ máa mọ Tìmùtìmù jù nínú gbogbo wa."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Bàbá mi ò mú mi dé ibi iṣẹ́ wọn rí, sà. Ojú fèrèsé aládùúgbò lèmi náà ti ń wò wọ́n, bíi ti gbogbo ọmọ. Wọ́n ní ariwo tẹlifíṣọ̀n pọ̀ jù fún ilé. Tí wọ́n bá wọlé lálẹ́, wọ́n á ní àwọn ti sọ̀rọ̀ tán lónìí."

"Ta lẹ rò pé ó lè mú un?"

"Ta ló fẹ́ fi ọmọlangidi oníẹ̀wù yẹ́lò tí kòkòrò á ti jẹ ṣe kí ni? Ẹ bi àwọn tó ń sunkún lọ́hùn-ún." Ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ apá. "Ẹ jẹ́ n máa lọ. Àsìkò oògùn wọn ti tó."

Farabalẹ̀ jẹ́ kó lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń ro ti ọkùnrin tó ń sunkún, torí díẹ̀ ló kù kí òun náà sunkún.

*

Àwọn dókítà mìíràn ń fi ìwé ẹ̀rí kọ́ ara ògiri. Àwòrán àtijọ́ ni dókítà eyín, ààrẹ ẹgbẹ́ olólùfẹ́, fi kọ́ ti ilé ìwòsàn rẹ̀: Ajá Onígíláàsì, Ìyá Àgbà Oníkẹ̀kẹ́, Ọba Aláìsùn tó máa ń dé bàtà sórí bí adé. Inú ìwé aláwòrán tẹ́nikẹ́ni ò rántí mọ́ ni gbogbo wọn ti wá.

"Ṣé ẹ rántí Ọba Aláìsùn?" ni dókítà bi í, ojú rẹ̀ tàn. "Ìwé méjì péré ló bá wọn dé, wọ́n bá yọ ọ́ dànù."

"Inú ìwé kejì ni wọ́n ti rí oorun rẹ̀ nínú àpò olorì."

"Ọ̀gá! Ẹ̀yin náà?"

Àgbàlagbà méjì tí orí wọn ti pá dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ọba tí kò sí ìlú tó jẹ. Ó pẹ́ tí Farabalẹ̀ ti rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tó wá rántí pé ẹni tí òun wá fura sí ni, ó dùn ún.

"Dókítà, kí ló dé tẹ́ ẹ ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn pa?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu dókítà. "Oògùn ló wà níbẹ̀."

"Gbogbo oògùn yín wà níta. Ẹ ṣí i."

Dókítà ṣí i. Lórí pẹpẹ kejì, Tìmùtìmù jókòó, ó sanra, kò lọ́rùn, ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú. Farabalẹ̀ sún mọ́ ọn bí ọmọdé, kì í ṣe bí ẹni tó rí olè mú.

"Mi ò jí i!" ni dókítà ké. "Mo rán an ni! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán an. Àwọn ọmọdé máa ń bẹ̀rù àga yìí, mo máa ń fi í sọ́wọ́, màá ní kó bi wọ́n pé eyín wo ló ń ṣẹjọ́. Àwọn àgbàlagbà náà máa ń bẹ̀ mí pé kí n mú un jáde. Ojú ló ń tì mí, ọ̀gá. Odindi dókítà tó ń fi ọmọlangidi sọ́wọ́."

Farabalẹ̀ pe ọ̀gá ìpàtẹ lórí fóònù. Ọ̀gá ìpàtẹ ní kí wọ́n gbé dókítà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi kún ọlọ́dẹ, ó ní àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é. Ilẹ̀ sì ti ń ṣú bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọrùn láti parí síbẹ̀, Farabalẹ̀ á sì relé lọ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó yá ọmọlangidi náà lọ́wọ́ dókítà, ó lọ wá ẹnì kan tó ti súnmọ́ Tìmùtìmù gidi rí.

*

Oníkámẹ́rà ètò náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ẹ̀yìnkùlé ọmọ rẹ̀ ló wà, ó ń tú rédíò tó ti bàjẹ́ palẹ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ó gba ọmọlangidi, ó gbé e mọ́jú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló rán jákujàku yìí?"

"Kì í ṣe Tìmùtìmù, Bàbá?"

"Ojú rẹ̀ jọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀wù yìí! Ta ló sọ pé ẹ̀wù Tìmùtìmù funfun?"

"Gbogbo wa la rí i."

"Ẹ rí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ rí, ọmọ mi." Inú arúgbó náà ń dùn. Kò sẹ́ni tó ti bi í ní nǹkan kan láti ọjọ́ pípẹ́. "Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn ò fẹ́ funfun. Tó o bá wọ funfun síwájú ẹ̀, ṣe ló máa ń tàn yòò bí iná mọ́tò, ojú èèyàn á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo ohun tó bá yẹ kó funfun, yẹ́lò la máa ń wọ̀ fún un. Ọjọ́ kìíní tí Bọ̀dá gbé ọmọlangidi ẹ̀ dé, ẹ̀wù funfun ló wọ̀ fún un lóòótọ́. Mo lé wọn padà sílé. Mo ní kó lọ wá yẹ́lò wá láàárọ̀ ọ̀la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ètò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó mú yẹ́lò dé. Aṣọ gidi ni, aṣọ tuntun. Mo bi í níbi tó ti rí i lóru, kò dá mi lóhùn."

"Ta ló mọ̀ pé yẹ́lò ni?"

"Èmi, òun, àti ọ̀gá wa tó ti kú. Tìmùtìmù kì í jáde kúrò nínú stúdíò."

Farabalẹ̀ gba ọmọlangidi náà padà, ó wo ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń rìn káàkiri orí rẹ̀ látàárọ̀ bí ẹṣinṣin, àárẹ̀ ni kò jẹ́ kó mú un. Ọmọlangidi oníẹ̀wù yẹ́lò. Ọ̀dọ̀ ta ló ti gbọ́ ọ? Gbogbo ẹni tó ti bá sọ̀rọ̀ lónìí, funfun ni wọ́n mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè é ní yẹ́lò, ẹni náà ló sì ní òun ò dé stúdíò rí, pé ojú fèrèsé lòun ti ń wò ó.

"Bàbá, bí èèyàn bá ra àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ mélòó ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn?"

"Méjì. Ọ̀kan wà ní stúdíò. Bọ̀dá máa ń so èkejì mọ́ ìgbànú ẹ̀, kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni." Ó mú rédíò rẹ̀ padà. "Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo ní ẹ̀wù yẹn jáde dáadáa."

*

Àjà kejì ni Bọ̀dá Ìrọ̀lẹ́ àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Bí Farabalẹ̀ ṣe ń fọwọ́ di ara ògiri gun àtẹ̀gùn, òórùn ìpara oríkèé ń le sí i, ó sì dá a lójú lọ́tẹ̀ yìí pé kì í ṣe ti òun, torí tirẹ̀ ti gbẹ láti ọ̀sán. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn tó wà lórí ibùsùn ló ń fi rọ́bà bo ìrọ̀rí. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn láti mí. Nígbà náà ló gbọ́ ohùn kan nínú ilé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ohùn náà ti gbẹ, ó ti fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò ti lè dá a mọ̀. Ó pẹ́ kó tó lè kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó rí i, kò sì béèrè ohun tó wá ṣe.

"Ẹ ní wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́," ni Farabalẹ̀ wí.

"Wọn ò sọ̀rọ̀ títí di alẹ́ àná."

"Ìrọ̀rí wọn lẹ fi dípò ọmọlangidi, kí àpótí má bàa fúyẹ́ jù. Kọ́kọ́rọ́ ìgbànú wọn lẹ fi ṣí i. Ọlọ́dẹ ti sùn lé apá ẹ̀. Mi ò bá tí mọ̀, àmọ́ ẹ pe ẹ̀wù ní yẹ́lò. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé yẹ́lò ni, àfi ẹni tó ti ṣí àpótí."

"Àbí ẹni tó ni ín," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀wù mi ni, sà."

Ó fara ti ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

"Ìyá mi ló rán an fún mi. Mi ò tíì wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ síléèwé. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí lórí ìṣó mọ́. Bàbá mi ní àwọn nílò ẹ̀ kíákíá, àwọn á ra òmíràn. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Aṣọ tèmi ni wọ́n kó ròde. Nírọ̀lẹ́, mo rí i lójú fèrèsé lára ọmọlangidi, gbogbo ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Mo ní, ẹ̀wù mi nìyẹn. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ẹ̀wù mi yẹ́lò, èyí funfun. Ojú wọn ló sì rí i. Orúkọ tí mo jẹ́ títí mo fi kúrò níléèwé yẹn ni Elékèé. Mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ní àwọn ti sọ̀rọ̀ tán lónìí."

Farabalẹ̀ ti rántí àwọn ọmọ tó wà lójú fèrèsé tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun náà ì bá ti pè é ní elékèé.

"Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ lọ wò ó ni," obìnrin náà wí. "Àmọ́ ta ló ń gbé ìrọ̀rí dání lọ wo nǹkan? Mo mú un wálé. Mo fi sọ́wọ́ níwájú wọn, kí n lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Wọ́n yíjú sí i. Wọ́n ní, 'Tìmùtìmù, o pẹ́ o.'" Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Wọn ò tíì dákẹ́ láti ìgbà yẹn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mú ọlọ́dẹ. Mo ti ń wá ìgboyà láti tẹ̀ yín láago láti ọ̀sán."

"Ẹ jẹ́ n rí wọn."

Arúgbó náà wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ ìnura tí wọ́n ká ni wọ́n fi rọ̀ ọ́ lórí dípò ìrọ̀rí. Kò wo Farabalẹ̀. Obìnrin náà gbé Tìmùtìmù lórí àga, ó fi sọ́wọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣá, kòkòrò ti lu etí rẹ̀, ṣùgbọ́n yẹ́lò ni, yẹ́lò tí ojú ò lè ṣì mú.

"Ẹ̀wù yẹn ṣì bá ọ mu," ni Bọ̀dá Ìrọ̀lẹ́ wí.

"Ta ló ni ín?" Tìmùtìmù béèrè, pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín tó ń gbọ̀n.

Arúgbó náà yíjú sí fèrèsé, Farabalẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti tún kú sínú rẹ̀.

"Ọmọ mi ni. Ó ń sùn nígbà tí mo mú un. Mo ní n ó ra òmíràn." Ó na ọwọ́, ó tẹ́ etí ẹ̀wù náà dáadáa. "Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè wojú rẹ̀ mọ́. Tìmùtìmù, bá mi yọjú wò ó nínú yàrá. Ṣé ó ṣì ń bínú?"

Tìmùtìmù sorí kọ́. Farabalẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀, torí àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ọlọ́pàá máa wò.

"Ẹ tú ọlọ́dẹ sílẹ̀," ó sọ fún ọ̀gá ìpàtẹ. "Kò sólè."

"Báwo ni kò ṣe ní sólè? Ọmọlangidi wa dà?"

"Tiyín kọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ò ná nǹkan kan lé e lórí, pé ilé ni Bọ̀dá ti gbé e wá. Ó ti padà sílé. Ẹ wí fún mi láàárọ̀ pé ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ ọ̀hún ló pé."

"Ìpàtẹ mi ńkọ́? Kí ni kí n fi sínú àpótí?"

"Ẹ pàtẹ ìrọ̀rí. Wọ́n ṣáà ti pàtẹ́wọ́ fún un."

Ọ̀gá ìpàtẹ sọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Farabalẹ̀ gbé fóònù jìnnà sí etí títí ó fi sọ wọ́n tán, ó wá ní kó fún ọlọ́dẹ.

"Ọ̀gá," ni ọlọ́dẹ wí, "ṣé ẹ ti bá mi sọ fún ìyàwó mi?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ máa lọ sílé kẹ́ ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín."

Ó padà wọlé láti kí wọn pé ó dàárọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú tán lójú fèrèsé. Obìnrin náà ṣì jókòó bó ṣe fi í sílẹ̀, ọmọlangidi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mira. Arúgbó náà gbé orí sókè díẹ̀.

"Ta ni kò tíì sọ̀rọ̀ lónìí?"

Ẹnu Farabalẹ̀ là, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ìka tí arúgbó náà nà kọjá rẹ̀, ó kọjá ọmọlangidi, ó ń wá ẹnì kan kiri inú yàrá.

Obìnrin náà bọ́ Tìmùtìmù kúrò lọ́wọ́, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ ni," ni bàbá rẹ̀ wí. "Sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́."

Farabalẹ̀ rọra fa ilẹ̀kùn dé. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kọ̀, ó bá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Láti ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn obìnrin náà, ohùn ọmọ kékeré.

"Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, Bàbá. Wọ́n ní funfun ni."